Ẹ̀yin tí ojú yín ti rí màbo tí ẹ ṣì ń sin Ọlọ́run, ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà
Ẹ kú ilé o. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá, wọ́n ka Jákọ́bù orí kìíní fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tó ti ní ká kà á sí ayọ̀ tí a bá bọ́ sínú onírúurú ìdánwò. Gbogbo ìjọ ṣe "Àmín". Mo wo obìnrin tó jókòó tì mí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọkọ. Òun náà ṣe Àmín, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò là tán. Ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà yẹn. Ẹ̀yin tí ìyà ti jẹ rí, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an tí ẹ ò fi sá kúrò lọ́dọ̀ Ọlọ́run? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó ẹsẹ Bíbélì jọ fún mi, Bíbélì wà nílé mi. Ohun tí ojú yín rí ni mo fẹ́ gbọ́.

Télọ̀ Odò-Ọnà
Mọ́mì, ẹ ṣé tí ẹ bèèrè. Ẹni tó bá wà n'Íbàdàn ní 2011 á rántí òjò ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, ọjọ́ 26 oṣù August. Òjò ọ̀hún kọ̀, kò dá. Iná ti lọ. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ ní ilẹ̀ ń tutù, kí n tó rí tọ́ọ̀ṣì, omi ti dé orúnkún. A gbé àwọn ọmọ sókè lọ́dọ̀ onílé. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni.

Ṣọ́ọ̀bù mi wà nísàlẹ̀. Maṣíìnì tí ọ̀gá mi fi ta mí lọ́rẹ nígbà tí mo gba fìrídọ̀ọ̀mù, àti èyí tí mo fi owó àjọ rà, gbogbo rẹ̀ ló bá omi lọ. Ẹ sì rántí pé ìparí ààwẹ̀ Ràmàdáánì la wà nígbà náà. Aṣọ ọdún àwọn èèyàn ló kún ọ̀dọ̀ mi, òmíràn ku kí n lẹ bọ́tìnnì mọ́ ọn. Èyí tó ká mi lára ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé: kí ni màá sọ fún àwọn oníbàárà?

Alhájì kan wà tó kó gínnì fún mi pé kí n rán agbádá fún òun àtàwọn ọmọkùnrin òun. Mo rò pé ọlọ́pàá ló máa mú wá. Ó wá lóòótọ́, ó dá wá. Ó wo ilé, ó wò mí, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Ó ní, "Télọ̀, ṣé àwọn ọmọ pé?" Mo ní wọ́n pé. Ó ní "Alhamdulillahi," kò dárúkọ aṣọ. Lẹ́yìn ọdún, ó gbé maṣíìnì ìyálé rẹ̀ tó ti kú wá, ó ní kí n máa lò ó lọ.

Nígbà tí mo padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, nínú bùbá tí mo yá, wọ́n ní kí n jáde wá jẹ́rìí. Mi ò mọ ohun tí màá jẹ́rìí sí. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tí omi yẹn gbé lọ nínú ìlú yìí. Bí mo bá ní Ọlọ́run kó èmi yọ, àwọn tó bá omi lọ ńkọ́? Mo kàn di makirofóònù mú, mo ní "Ẹ̀yin ará, mo ṣì wà níbí," mo padà lọ jókòó. Inú pásítọ̀ ò dùn.

Ohun tó yí padà lára mi rèé. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá kúnlẹ̀, ṣe ni mo máa ń ka ohun tí mo fẹ́ sílẹ̀ fún Ọlọ́run bí ẹni tó ń rán ọmọ lọ sọ́jà. Lẹ́yìn omi yẹn, mi ò mọ èyí tí màá bèèrè mọ́. Mo kàn ń jókòó síwájú Rẹ̀ ni. Bí mo ṣe ń gbàdúrà nìyẹn títí dòní.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ká sòótọ́ ká kú, Alhájì ló ṣe iṣẹ́ pásítọ̀ níbí 😂

Ìyá Ìjọ Òkè-Àdó
Ta ló rán Alhájì náà wá?

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Mọ́mì, kò sẹ́ni tó rán an. Aṣọ ẹ̀ ló wá gbà.

Alápàtà Bódìjà
Mùsùlùmí ni mí o, mo kàn ń ka tiyín ni. Áńábì Àyúbà tí ẹ̀ ń pè ní Jóòbù, tiwa náà ni. Ẹ má pín Alhájì mọ́ra yín lọ́wọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àná
Omi ọdún yẹn! Ó wó afárá Àpẹ̀tẹ̀, ó wọ Yunifásítì Ìbàdàn, ó ba ọgbà ẹranko àti ibi tí wọ́n ti ń sin ẹja jẹ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bèèrè o: ṣé ìdánwò látọ̀dọ̀ Ọlọ́run la máa pe ìyẹn ni àbí ìwà ọwọ́ wa? Èèyàn kọ́lé sétí odò, a da ìdọ̀tí ilé sínú Ògùnpa, òjò rọ̀, omi ò rọ́nà gbà, a ní Ọlọ́run ń dán wa wò.

Télọ̀ Odò-Ọnà
Àbúrò, èmi kọ́ ni mo kọ́lé. Mo háyà á ni.

Kò-Dá-Mi-Lójú
Màá sọ tèmi, bó bá bí ẹnikẹ́ni nínú, ẹ máa bínú lọ. Ìṣòro ò fún ìgbàgbọ́ mi lágbára. Ṣe ló gbé e lọ.

Jẹjẹrẹ ọmú ló mú ìyá mi. A gbàdúrà, a gbààwẹ̀, a lọ sórí òkè, a lọ sí ọsibítù, a ta ilẹ̀ tó wà ní Akọ̀bọ̀. Màámi kò fìgbà kan sọ pé Ọlọ́run ò dáa, kódà nígbà tí apá ò ṣeé gbé sókè mọ́. Wọ́n kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, alàgbà kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa wá kí wa. Ó jókòó ní pálọ̀, ó ń jẹ mọ́ínmọ́ín tí àwọn àbúrò mi gbé fún un, ó wá ní ó lè jẹ́ pé màmá ní ẹ̀ṣẹ̀ kan tí wọn ò jẹ́wọ́. Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ báyìí, bí ìgbà tó ń fún wa nímọ̀ràn. Ó jẹ tán, ó fi omi ṣanwọ́, ó lọ.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Mi ò kàn lọ mọ́ ni.

Ìyá Ìjọ Òkè-Àdó
Háà! Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́ gan-an. Ọlọ́run á tẹ́ màmá sáfẹ́fẹ́ rere.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ó tún jẹ mọ́ínmọ́ín náà tán!

Nọ́ọ̀sì Orita-Mẹ́fà
Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé gbogbo wa: jẹjẹrẹ kì í bèèrè ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ kó tó wọlé. Mo ti tọ́jú ìyá oníwàásù, mo ti tọ́jú ajíhìnrere, mo ti tọ́jú ìyá arúgbó tó jẹ́ pé Bíbélì ló fi ń ṣe ìrọ̀rí. Ohun tó máa ń pa tiwa n'Íbàdàn ni pé wọn kì í tètè wá. Kókó á ti di egbò kí wọ́n tó yọjú, torí ẹnì kan ti ní kí wọ́n lọ gbàdúrà sí i ná. Ẹ gbàdúrà o, kò burú, àmọ́ kí ẹsẹ̀ ti wà lọ́nà ọsibítù.

Bàbá Àgbà Yemẹtù
Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Élífásì, Bílídádì àti Sófárì, ohun tí alàgbà yẹn sọ ni wọ́n sọ. Ẹ lọ wo orí 42, àwọn ni Ọlọ́run bínú sí, kì í ṣe Jóòbù tó ń pariwo lé E lórí láti orí kẹta. Ọjọ́ méje tí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ìgbà yẹn nìkan ni wọ́n gbọ́n.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà
Bàbá, mo ní ẹ má kó ẹsẹ Bíbélì wá 😀 Àmọ́ èyí bọ́ sí i.

Sístà Bódìjà
Ọ̀rọ̀ alàgbà yẹn dùn mí torí irú ẹ̀ ti bá mi. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 16 oṣù January 2024, mo ń se ọbẹ̀ lọ́wọ́ ní Bódìjà àtijọ́. Mi ò gbọ́ ìró kankan o, ohun tí àwọn èèyàn ò fẹ́ gbà nìyẹn. Mo kàn rí i pé fèrèsé ti wà nílẹ̀ ilé ìdáná, mo wà lábẹ́ tábìlì, mi ò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Ilẹ̀kùn fò yọ. Lẹ́yìn náà ni etí mi là, tí mo wá ń gbọ́ igbe. Gómìnà ní ohun abúgbàù tí àwọn tó ń wa kùsà lọ́nà àìtọ́ kó pamọ́ sínú ilé kan ló bú. Èèyàn kú. Ilé wó bẹẹrẹbẹ.

Kò pé ọjọ́ mélòó kan tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ kiri pé Ọlọ́run ló bá àwọn olówó Bódìjà wí. Olówó wo? Èmi tí mo háyà bọ́ìsìkọ́tà! Wọ́n bi Jésù náà ní irú ìbéèrè yìí, Ó dárúkọ èèyàn méjìdínlógún tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa, Ó ní ṣé ẹ rò pé ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn ló pọ̀ jù ní Jerúsálẹ́mù ni? (Mọ́mì Ìbejì, ẹ má bínú, ẹsẹ Bíbélì kan ṣoṣo ni.)

Ohun tí mo gbà nínú ẹ̀ ni pé mi ò bẹ̀rù bí mo ṣe ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá gbàgbé àdúrà àárọ̀, àyà mi á máa já lọ títí di alẹ́ pé nǹkan burúkú á ṣẹlẹ̀. Nǹkan burúkú wá ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí mo gbàdúrà dáadáa. Ó ṣòro láti ṣàlàyé, àmọ́ ìyẹn gan-an ló tú mi sílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àná
Ọ̀rọ̀ ńlá lẹ sọ yìí.

Ìyá Olómitútù
Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí i. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ, AS ni wá méjèèjì. Nígbà tí a fẹ́ra, wọn kì í bèèrè ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa bí wọ́n ṣe ń bèèrè nísinsìnyí. Tí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà á jẹ́ SS. Àkọ́bí wa ṣe bẹ́ẹ̀ mú un. Kò tíì rìn tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń wú, tó ń ké tí a ò mọ ibi tí a ó fọwọ́ kàn. Fọ̀níkúfọ̀ládìde.

Ẹ ò lè mọ ohun tí ọyẹ́ jẹ́ fún ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn á máa ní ọyẹ́ dára, aṣọ á tètè gbẹ. Èmi, ìbọ̀sẹ̀, súwẹ́tà àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mò ń tò jọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́, èyí tí kì í jẹ́ kí ibà wọlé lójoojúmọ́, omi mímu ní gbogbo ìgbà.

Wòlíì kan wá sọ àsọtẹ́lẹ̀ pé Ọlọ́run ti yí ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà padà, kí n kó oògùn dànù kí n fi hàn pé mo gbàgbọ́. Mo lọ ṣàyẹ̀wò. SS ṣì ni. Mo ní mi ò da oògùn nù. Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, wọ́n yọ mí kúrò nínú ẹgbẹ́ aládùúrà. Wọ́n ní iyèméjì mi ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ ìyanu dúró.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ní wọ́ọ̀dù, ọmọ ń jẹ̀rora, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fà sí i lára ò tíì dé, ọkọ mi ń wá owó kiri. Mo jáde sí kọ́ríndọ̀, mo sọ fún Ọlọ́run pé Kò ṣe mí dáadáa. Mo sọ ọ́ ketekete, mi ò bò ó. Mo ní ọmọ yìí ò ṣẹ Ẹ́. Mo sọ títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu mi, mo wá ń retí pé kí àrá sán pa mí. Àrá ò sán. Ẹ̀jẹ̀ dé ní nǹkan bí agogo mẹ́ta òru.

Ó ti wọ yunifásítì báyìí. Ó ṣì ń ṣàìsàn o, mi ò ní ẹ̀rí ìwòsàn kankan láti jẹ́ fún yín. Àmọ́ láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ lágbára àtigbọ́ ìbínú mi. Gbogbo ọdún tí mo fi wà nínú ẹgbẹ́ aládùúrà, mi ò mọ̀ ọ́n.

Nọ́ọ̀sì Orita-Mẹ́fà
Mọ́mì, ẹ kú ìtọ́jú. Tí gbogbo ìyá bá ṣe bí ẹ ṣe ṣe, iṣẹ́ wa ì bá rọrùn.

Kò-Dá-Mi-Lójú
Mo ka tiyín yìí, mo tún padà kà á.

Bàbá Àgbà Yemẹtù
Mi ò ta ko ìyá yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ má sọ pé àwọn tó fi oògùn sílẹ̀ kò gbọ́n. Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, ó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì, ó fi í sílẹ̀ ní 1928 torí ìpè. Ní 1930, níbi ìsọjí Òkè-Ooye n'Iléṣà, omi àti àdúrà ni, kò sí abẹ́rẹ́. Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ní Bìní ní 1932, ó jáde, ó tún ń wàásù lọ. Ẹ̀wọ̀n yẹn ò pa iná ìgbàgbọ́ rẹ̀. Bàbá tó bí mi wà nínú ìsọjí yẹn, wọn ò gbé hóró oògùn mì títí wọ́n fi sùn.

Nọ́ọ̀sì Orita-Mẹ́fà
Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin gan-an ńkọ́, ṣé ẹ kì í lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni?

Bàbá Àgbà Yemẹtù
Ìyẹn yàtọ̀.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
😂😂😂😂

Alápàtà Bódìjà
Bàbá o!

Bàbá Àgbà Yemẹtù
Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi tó wà ní Kánádà ló ń fi ránṣẹ́. Ṣé kí n da owó ọmọ nù ni?

Ọmọ Kúdẹ̀tì
Níwọ̀n ìgbà tí Bàbá ti mú ìtàn wọ̀ ọ́. Ọ̀dọ̀ wa ní Kúdẹ̀tì, bí ìyà bá fẹ́ jẹ wá, ìyá wa àgbà á ní, "Ṣé ó tó ti ìgbà ogun Ìjàyè?" David Hinderer, òyìnbó míṣọ́nnárì, àti Anna ìyàwó rẹ̀ dé sí Ìbàdàn pọ̀ ní 1853. Àwọn tó kọ́kọ́ gbàgbọ́ jẹ palaba ìyà lọ́wọ́ àwọn ará ilé wọn, wọ́n nà wọ́n, wọ́n dè wọ́n mọ́lẹ̀. Ogun Ìjàyè wá bẹ́ ní 1860, ọ̀nà etíkun dí. Owó ẹyọ tán lọ́wọ́ òyìnbó, wọ́n ń ta ẹrù ilé jẹun, àwọn ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ sì kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìjàyè ṣubú ní 1862, síbẹ̀ ọ̀nà ò là bọ̀rọ̀. Daniel Olúbí tó bá wọn gbé nínú ebi yẹn ló padà di àlùfáà tó di iṣẹ́ ìjọ mú lẹ́yìn wọn.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ìrírí tìẹ ni wọ́n bèèrè, kì í ṣe ti ìyàwó òyìnbó.

Ọmọ Kúdẹ̀tì
Ìrírí tèmi ni pé nígbà tí kò sí owó lójúde ní February 2023, tí a ń tò sí báńkì láti ìdájí torí náírà tuntun, gààrí ni mo fi ń bọ́ ọmọ, ìyá wa àgbà ṣì bi mí pé ṣé ó tó ti ogun Ìjàyè. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn?

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ìyá Ìjọ Òkè-Àdó
Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ omi 2011, kò sẹ́ni tó sọ ti 1980. Ọjọ́ 31 oṣù August, Sọ́ńdè ni. Omíyalé! Mo wà ní ọmọge. Òkú èèyàn, àga, ewúrẹ́, gbogbo rẹ̀ ló pò pọ̀ nínú Ògùnpa.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àná
Mọ́mì, ṣé Sọ́ńdè ni? Bàbá mi máa ń ní ọjọ́ iṣẹ́ ni.

Ìyá Ìjọ Òkè-Àdó
Sọ́ńdè ni. Bàbá ẹ ló ń purọ́ pé òun lọ síbi iṣẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àná
Mo ti wò ó nínú kàlẹ́ńdà. Sọ́ńdè ni lóòótọ́. Màá bá bàbá sọ̀rọ̀ 😂

Télọ̀ Odò-Ọnà
Kò-Dá-Mi-Lójú, àbúrò mi, ọ̀rọ̀ rẹ ni mo ṣì ń rò. Mi ò ní wàásù fún ẹ. Ìyàwó mi máa ń se àmàlà láfún àti gbẹ̀gìrì ní ọ̀sán Sọ́ńdè. Wá jẹun. Màá fi ọ̀nà ilé ránṣẹ́ sí ẹ níkọ̀kọ̀.

Kò-Dá-Mi-Lójú
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Àmọ́ kó yé wa o, àmàlà ni mo gbọ́, mi ò gbọ́ ṣọ́ọ̀ṣì.

Télọ̀ Odò-Ọnà
Àmàlà náà ni mo pè ẹ́ sí. Wá lẹ́yìn agogo méjì, a ò ní tíì dé ṣáájú ìyẹn.

Kò-Dá-Mi-Lójú
Kò burú. Kí wọ́n fi ṣàkì sí i.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ẹ̀gbọ́n Télọ̀, ṣé èmi náà lè bá wọn wá?

Télọ̀ Odò-Ọnà
Lọ bá Alhájì.